Kóló tí Káfíńtà Rẹ̀ Ti Kógbá Sílé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àjọ̀dún ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà

    

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ ọ̀la ìmọ̀ ẹ̀rọ. Mo ní àwọn tó ń sọ ìyẹn ti pọ̀ jù. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti ohun àtijọ́ kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà, tí kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ́, àti ohun tí ojú àwọn tó fẹ́ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ rí. Akọ̀wé dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé àwọn òbí máa lè bá wa dé ibẹ̀, sà?" Mo ní wọn á bá wa débẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kóló ni.

Báǹkì àti kóló

Gbogbo ètò kọ̀ǹpútà ló ní ohun tó gbọ́dọ̀ rántí. Èyí tó ń tọ́jú máàkì gbọ́dọ̀ rántí máàkì. Èyí tó wà nínú fóònù yín gbọ́dọ̀ rántí ẹni tó fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín lánàá. Ibi tí ó ń kó ìrántí rẹ̀ sí là ń pè ní dátábéèsì. Àwọn kan dà bí báǹkì: wọ́n ní ilé tiwọn, wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí kàǹtá, ètò tó bá fẹ́ nǹkan níbẹ̀ á lọ tò, á sọ ohun tó fẹ́, wọn á bá a wá a. Àwọn mìíràn dà bí kóló. Ẹ̀yin àgbà mọ kóló dáadáa, àpótí onígi tí káfíńtà kàn pa, tí kò ní ju ihò tí owó ń gbà wọlé lọ. Kóló ò ní òṣìṣẹ́, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ ló wà, ọwọ́ ara rẹ lo fi ń sọ owó sí i. Dátábéèsì tó ń gbé inú ètò fúnra rẹ̀, tí kò bá sáfà kankan sọ̀rọ̀, kóló ni.

Èmi fẹ́ràn kóló. Ó rọrùn, ó yá, kò béèrè nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Àléébù rẹ̀ ni pé nítorí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, a máa ń gbàgbé pé ẹnìkan ló kàn án. Ọdún á máa gorí ọdún, owó á máa wọlé, títí ọjọ́ kan tí igi rẹ̀ á là, a ó wá máa bi ara wa pé káfíńtà ọjọ́sí dà.

Olóńgbò tó ń tòògbé

Kóló tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ń jẹ́ Berkeley DB. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ará Yunifásítì California tó wà ní Berkeley ń yọ kóòdù AT&T kúrò nínú Unix tiwọn, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè pín in fún ayé láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lára ohun tí wọ́n ní láti tún kọ ni kóló kékeré kan tí wọ́n ń pè ní dbm. Margo Seltzer àti Keith Bostic wà lára àwọn tó kọ èyí tó rọ́pò rẹ̀. Ẹ ò rí i pé Berkeley DB alára, ìrọ́pò ló bá wá sáyé.

Iléeṣẹ́ Netscape fẹ́ lò ó, wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe sí i. Èyí ló mú kí àwọn tó kọ ọ́ dá iléeṣẹ́ Sleepycat sílẹ̀ ní 1996. Orúkọ yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: olóńgbò tó ń tòògbé. Ṣùgbọ́n olóńgbò yìí ò sùn o. Láàárín ọdún mélòó kan, Berkeley DB ti wọ inú ètò tó ń gbé lẹ́tà kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń tọ́jú orúkọ òṣìṣẹ́, èyí tó ń tọ́jú kóòdù àwọn tó ń kọ kóòdù. Ọ̀pọ̀ lára àwọn ètò wọ̀nyí ló jẹ́ èyí tí kóòdù wọn wà ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni lè gbà, kà, tún ṣe, kó sì pín.

Ní oṣù Kejì 2006, iléeṣẹ́ Oracle ra Sleepycat. Títí di 2013 kò sí wàhálà. Lọ́dún yẹn ni wọ́n gbé ẹ̀dà 6.0 jáde, tí wọ́n sì yí ìwé àṣẹ ìlò rẹ̀ padà sí èyí tí wọ́n ń pè ní AGPL. Ìwé àṣẹ yìí ní, ẹni tó bá tún ètò náà ṣe, tó sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn èèyàn láti lò, gbọ́dọ̀ fún wọn ní kóòdù rẹ̀ pẹ̀lú. N kò ní sọ pé òfin búburú ni. Àwọn kan wà tí wọ́n fi tọkàntọkàn yàn án fún iṣẹ́ ara wọn, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo onílé tó yí ìwé àdéhùn padà lẹ́yìn tí àwọn ayálégbé ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ti gbẹ́ kànga, ti gbin ọsàn sẹ́yìnkùlé. Ètò tó so mọ́ kóló yìí pọ̀, kálukú ló sì ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ tí kò bá èyí tuntun rẹ́. Ni àwọn tó ń pín ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Linux, Debian àti Fedora lára wọn, bá dúró sórí ẹ̀dà 5.3. Ibẹ̀ ni wọ́n wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Káfíńtà ò kú. Ó kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tuntun, iye tuntun ló sì ń pè. Kóló àtijọ́ wá di ohun tí gbogbo èèyàn ń lò tí ẹnikẹ́ni ò tún ṣe mọ́.

Ọjọ́ tí iná lọ

Ẹ jẹ́ kí n mú ètò kan ṣoṣo, rpm, èyí tí Erik Troan àti Marc Ewing kọ ní iléeṣẹ́ Red Hat ní àárín àwọn ọdún 1990. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé ìdì ètò wọ inú kọ̀ǹpútà, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀: ìdì báyìí ti wọlé, fáìlì báyìí-báyìí ló kó wá, èyí ló gbára lé tọ̀hún. Inú Berkeley DB ló ń kọ ọ́ sí. Bí àkọsílẹ̀ yìí bá bàjẹ́, kọ̀ǹpútà á ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n á dà bí oníṣọ́ọ̀bù tí ìwé gbèsè rẹ̀ jóná: ọjà wà lórí àtẹ, kò sì mọ èyí tó ti san owó rẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ní nǹkan bí ọdún 2011, mo ń tọ́jú sáfà kan fún iléeṣẹ́ kan ní Ìbàdàn, n kò ní dárúkọ wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ní kí sáfà gba àtúnṣe tuntun, mo tẹ yum update, mo bá lọ jẹ àmàlà. Iná lọ. Ẹ̀rọ tó yẹ kó gbé e dúró, bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, mo sì mọ̀. Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, sáfà dìde, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi rpm pé kí ló wà nílé, kò dáhùn, kò sì sọ pé òun ò ní dáhùn. Ó kàn ń wò mí. Ọ̀rẹ́ mi kan ló sọ fún mi lórí fóònù pé kí n wọ inú /var/lib/rpm, kí n pa gbogbo fáìlì tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú __db rẹ́, kí n wá tẹ rpm --rebuilddb. Mo fi àdúrà tì í. Ó jí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé inú àwọn fáìlì yẹn ni àgádágodo wà. Ètò tó ń kọ nǹkan sínú kóló ti tì í kí ẹlòmíràn má baà fọwọ́ kàn án. Iná lọ, ètò náà kú, àgádágodo ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání ti di ará ọ̀run. Gbogbo ẹni tó tọ́jú irú sáfà bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn ló mọ àṣẹ rebuilddb bí ẹni mọ oríkì. Kí n má ṣẹ̀ káfíńtà o: Berkeley DB ní ọ̀nà tó ń gbà dáàbò bo àkọsílẹ̀ bí iná bá lọ lójijì. Àwọn tó kọ rpm ni kò lò ó. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé kóló kan kò dára, ẹ kọ́kọ́ wo bí onílé ṣe ń lò ó.

Ìlẹ̀kùn ìdí kóló

Nígbà tí ó di dandan láti kúrò nínú Berkeley DB, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn olùtọ́jú rpm dán kóló mìíràn tó ń jẹ́ LMDB wò, èyí tí Howard Chu kọ fún OpenLDAP, ètò tó ń tọ́jú orúkọ òṣìṣẹ́, nígbà tí òun náà ń sá fún Berkeley DB. Wọ́n dán an wò, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Àwọn ará iléeṣẹ́ SUSE kọ ti ara wọn, wọ́n pè é ní ndb. Òun ni openSUSE, Linux tiwọn, ń lò lónìí. Fedora ní tiwọn mú kóló kan tó ń jẹ́ SQLite. Ní 2020 ni rpm 4.16 gbé SQLite wọlé, tí Fedora 33 sì fi í ṣe ibi ìpamọ́ tuntun. Ẹni tó bá ń lo Fedora kò rí ju pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó tan lọ́jọ́ tó gbé e sókè sí ẹ̀dà tuntun. Àkọsílẹ̀ ń ti inú kóló àtijọ́ bọ́ sínú tuntun.

Àṣàyàn yẹn kọ́ ló gbà mí lọ́kàn. Ohun tí àwọn olùtọ́jú rpm tún ṣe ni. Wọ́n jókòó, wọ́n wo bí àwọn fáìlì Berkeley DB ṣe tò, báìtì kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kọ kóòdù kékeré kan tó lè kà wọ́n láìlo Berkeley DB rárá. Ó lè kà. Kò lè kọ nǹkan kan sí i. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí o mú kóló, o lẹ ojú rẹ̀ pa kí owó tuntun má wọlé mọ́, o wá la ìlẹ̀kùn sí ìdí rẹ̀ kí èyí tó wà nínú lè jáde. Lẹ́yìn èyí, bí Berkeley DB bá tilẹ̀ kúrò pátápátá lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá gbé dísíkì àtijọ́ dé á ṣì rí ẹrù rẹ̀ gbà.

Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù tó bà lé ni lẹ́pọ̀n. Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin ìyá wa, n kò rí òwe mìíràn tó bá ọ̀rọ̀ náà mu tó bẹ́ẹ̀.

Òfin tí ẹnikẹ́ni ò kọ

Rpm nìkan kọ́ ni Berkeley DB yọ lẹ́nu. Mo mọ̀ pé àwọn kan níbí ní Bitcoin lọ́wọ́. Ẹ má na ọwọ́ sókè, n kò bèèrè. Ẹ ti mọ̀ pé ìwé àkọsílẹ̀ owó kan ṣoṣo ni, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń pè ní awakùsà ló ń fi ojú-ewé tuntun kún un. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń pe ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló sì wà láàárín ọ̀kan sí òmíràn. Kí ìwé yìí tó lè jẹ́ ọ̀kan, gbogbo kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ gbà lórí ojú-ewé tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Berkeley DB ni ètò Bitcoin náà fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ búlọ́ọ̀kù. Ní oṣù Kejì 2013, ẹ̀dà 0.8 fi LevelDB tí àwọn ará Google kọ rọ́pò rẹ̀, torí pé ó yá jù ú lọ. Òfin owó náà kò yí padà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan lẹ́tà kan níbẹ̀. Kóló nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Lóru ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, búlọ́ọ̀kù 225,430 dé. Iye ibi tí owó inú rẹ̀ ti ń wá pọ̀ ju ti èyíkéyìí tó ti wà ṣáájú lọ. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo ẹ̀dà 0.8 gbà á wọlé. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ṣì wà lórí ẹ̀dà àtijọ́ kọ̀ ọ́. Kí ló fà á? Berkeley DB máa ń ti apá kọ̀ọ̀kan inú kóló tó bá fọwọ́ kàn, àgádágodo 10,000 ni wọ́n sì ti fún un pé kó máa lò. Búlọ́ọ̀kù yìí fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgádágodo tán, Berkeley DB ní òun ò ṣe mọ́, ètò náà sì kà á sí pé búlọ́ọ̀kù ló bàjẹ́.

Ìwé kan wá di méjì. Àwọn kan ń kọ tiwọn lọ níhìn-ín, àwọn kan ń kọ tiwọn lọ lọ́hùn-ún. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé, ẹnìkan lè ná owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹnìkan sì ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ó ní òun kàn fẹ́ wò ó bóyá ó ṣeé ṣe ni. Nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára àwọn awakùsà ló wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo ẹ̀dà tuntun. Síbẹ̀, àwọn tí ẹ̀dà tuntun wọn dára náà ló padà sẹ́yìn. Àwọn àgbà awakùsà gbé ẹ̀dà 0.7 padà wálé, wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù 24 tí wọ́n ti kọ́ ṣòfò, kí ìwé lè tún di ọ̀kan. Ìpinnu yẹn ṣì ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ta ló ń fi ohun tó tọ̀nà sílẹ̀ lọ bá èyí tó ní àbùkù, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn lè dé?

Gavin Andresen, ọ̀kan lára àwọn tó ń tọ́jú Bitcoin nígbà náà, ló kọ ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní BIP 50. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ó ní iye àgádágodo yìí ti di òfin Bitcoin láìsí ẹni tó kọ ọ́ lófin. Àti pé bí kóló ṣe ń lo àgádágodo yàtọ̀ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, débi pé àwọn méjì tó ń lo ẹ̀dà àtijọ́ kan náà lè má gbà fún ara wọn. Tuntun kọ́ ló mú àìsàn wá. Inú àtijọ́ ló ti wà, kò kàn tíì fara hàn ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wọ́n fún gbogbo èèyàn láàyè di ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn láti tún ti wọn ṣe.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn ọ̀dọ́ jà tí wọ́n bá sọ fún mi pé àwọn fẹ́ fi òpin ọ̀sẹ̀ kan pààrọ̀ dátábéèsì. Kíkọ tuntun lè gba òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n àtijọ́ ní ìwà tí kò sí nínú ìwé kankan: bó ṣe ń to orúkọ tẹ̀léra, bó ṣe ń ṣe bí nǹkan bá kún, ohun tó ń gbà àti ohun tó ń kọ̀. Àwọn èèyàn ti gbára lé ìwà yẹn láìmọ̀. Ìgbà tí o bá yọ ọ́ lo máa tó mọ ẹni tó fẹ̀yìn tì í.

Kóló tó pẹ́ jù

Búlọ́ọ̀kù ni àwọn olùtọ́jú Bitcoin yọ kúrò nínú Berkeley DB ní 2013. Àpamọ́wọ́, ìyẹn fáìlì tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ owó ẹni, wọn ò yọ ọ́. Inú ẹ̀dà 4.8 Berkeley DB ló wà, ibẹ̀ ló sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, ẹ̀rù náà sì tọ́. Ẹnìkan lè ti fi fáìlì yẹn sínú fláàṣì kan ní 2010, kó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, kó gbàgbé rẹ̀. Bí ó bá rántí, kí ẹ sọ fún un pé kò sí ohun tó lè ṣí i mọ́?

Ní oṣù Kíní 2021, ẹ̀dà 0.21 jẹ́ kí àpamọ́wọ́ tuntun lè máa lo SQLite. Ní 2024, wọ́n fi kóòdù tó ń ka fáìlì Berkeley DB láìlo Berkeley DB kún un. Bẹ́ẹ̀ ni o: ohun kan náà tí àwọn ará rpm ṣe, ìlẹ̀kùn ìdí kóló. Ní 2025, pẹ̀lú ẹ̀dà 30, wọ́n tó ti ojú kóló àtijọ́ pa; ẹni tó bá gbé e wá, wọn á bá a kó o sínú tuntun. Ẹ ka ọdún náà láti 2013: méjìlá.

LevelDB tí wọ́n sá tọ̀ lọ ńkọ́? Google ti kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ìtọ́jú tó ń rí báyìí kéré gan-an. Àwọn olùtọ́jú Bitcoin ló ń tọ́jú ẹ̀dà tiwọn fúnra wọn.

Ta ni káfíńtà tuntun?

Gbogbo ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí ló ní SQLite lọ́wọ́, pàápàá ẹ̀yin ìyá wa. Ó wà nínú fóònù Android, ó wà nínú iPhone. Inú rẹ̀ ni WhatsApp ń kó ọ̀rọ̀ yín sí. Richard Hipp bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2000, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ètò kan fún ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun Amẹ́ríkà. Kò ní ìwé àṣẹ ìlò rárá: ó ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé. Fáìlì tí wọ́n kọ ní 2004 pẹ̀lú ẹ̀dà 3.0 ṣì ń ṣí lónìí, wọ́n sì ti sọ pé àwọn fẹ́ máa tọ́jú rẹ̀ dé 2050.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó máa bí àwọn kan nínú. Kóòdù SQLite wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè kà á, ṣùgbọ́n wọn kì í gba kóòdù lọ́wọ́ ará ìta. Èèyàn díẹ̀ péré ló ń kọ ọ́. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ìgbéraga ni mo máa pè é. Nísinsìnyí, mo máa ń bèèrè ìbéèrè tó yàtọ̀: ta ló máa dáhùn bí mo bá kan ìlẹ̀kùn lọ́dún tó ń bọ̀? Ibi tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde, ó ṣeé ṣe kí ó má sí ẹnì kankan nílé.

Kí àwọn tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fi í sílẹ̀ bí Ben Johnson ṣe ṣe. Òun ló kọ Bolt, kóló kan fún èdè Go. Nígbà tó rí i pé kò lè máa tọ́jú rẹ̀ mọ́, ó sọ ọ́ ní gbangba, ó sì ti kóòdù náà pa. Àwọn tó ń tọ́jú etcd, dátábéèsì tí Kubernetes, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ sáfà, gbára lé, ti mú ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n pè é ní bbolt, àwọn ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí èèyàn pa ìlẹ̀kùn dé láìsọ fún ẹnikẹ́ni.